Wọ́n Wá Wá Ìṣòro Délé Wa

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, olùkọ́ àwọn ẹnjiníà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òrùlé ilé tí o ń gbé kò jò mọ́? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe ẹni tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há níwájú wọn. O kò ní fi ẹsẹ̀ kọ lọ́nà iṣẹ́, o kò ní fi ẹsẹ̀ kọ lọ́nà ilé, ẹni tó bá sì ní kí iṣẹ́ rẹ má lọ, tirẹ̀ ni kò ní lọ. Àmín. Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí kọ́lọkọ̀lọ lónìí, tábìlì ni kò dúró dáadáa. O mọ̀ pé ìyá rẹ ló ń bá wa kọ lẹ́tà láti bí oṣù méje torí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ tí ilẹ̀kùn há mọ́ kò tíì jinná, aṣọ ṣì wà lára rẹ̀, kò lè di bírò mú. Ká tiẹ̀ ní ó lè dì í mú, èmi náà ni ǹ bá kọ eléyìí, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò ṣeé rán ẹlòmíì sọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí o rán sí wa ni. Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?

Mo rántí ohun tí o kọ sí wa dáadáa, mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. O ní ẹ̀kọ́ tuntun kan ni o ń kọ́ wọn, pé kí ẹnjiníà tó fọwọ́ kan irin, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹni tó máa lo ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí ó wò ó, kí ó bi í léèrè, kí ó mọ ohun tó ń dùn ún, lẹ́yìn náà kí ó fi páálí ṣe é ná, kí ó bà jẹ́, kí ó tún un ṣe. O ní ọ̀gá àgbà iléèwé yín ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹnjiníà ń lọ jókòó ti arúgbó. O ní ó ti fún ọ ní gbèdéke, pé kí táàmù yìí tó parí, kí àwọn ọmọ rẹ mú nǹkan kan péré wá tó yanjú ìṣòro ẹnì kan péré, kí ẹni náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìṣòro náà wà lóòótọ́ àti pé nǹkan náà ṣiṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ti kíláàsì rẹ pa. O wá ní kí a gbà wọ́n sílé fún ọjọ́ márùn-ún, bóyá wọ́n á rí nǹkan kan níbí.

Mo gbà. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dé, tí wọ́n bá rí ilẹ̀kùn tó ń ké, àga tó yẹ̀, òrùlé tó ń jò, ṣé wọn kò ní padà lọ wí pé ilé olùkọ́ wa gan-an ni ìṣòro kún? Nítorí rẹ ni mo ṣe fi odidi ọ̀sẹ̀ kan tún gbogbo ilé ṣe. Mo fi òróró sí ilẹ̀kùn. Mo dí òrùlé. Mo yá aago ara ògiri lọ́wọ́ alámùúlégbè wa tó ń gẹrun, mo sì yá àga méjì mọ́ ọn. Mo kìlọ̀ fún ìyá rẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá bi í pé kí ni ìṣòro ilé yìí, kí ó ní kò sí. Mo mú un tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Kí n sọ tòótọ́, wọ́n lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n wá mú fọ́ọ̀mù jáde. Fọ́ọ̀mù yìí ń bèèrè orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ó ní ṣé mo gbà kí wọ́n máa ya mí ní fọ́tò, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ti gbà mí sí yunifásítì. Lọ́jọ́ orí méjìdínláàádọ́rin! Mo mú un wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, mo kọ gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, mo tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé mo jáde ìwé mẹ́fà, mo sì ṣe ipò kẹta. Nígbà tí mo jáde mo bèèrè ọjọ́ tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìdánwò, pé àwọn kàn máa wò mí ni. Mo wojú ìyá rẹ, ìyá rẹ wojú mi. Tí ẹni mẹ́ta bá jókòó tì ọ́, tí wọ́n ń wò ọ́, tí wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tí o ṣe sílẹ̀, kí ló tún ń jẹ́ ìdánwò?

Torí náà aṣọ tí mo wọ lọ́jọ́ tí o gboyè ni mo wọ lọ sí ìsọ̀ káfíńtà mi lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sí ìdánwò. Èérún igi wọ inú ọrùn rẹ̀, ìyẹ̀fun igi wọ inú àpò, ìyá rẹ kò tíì dẹ́kun kíkùn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ni mo ń pè ní Onífóònù. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó kọ ojú rẹ̀ sí mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀, ó ní àwọn ará iléèwé máa wò ó. Ó dáa. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí fìlà níwájú fóònù yẹn, tí mo ń kí ọ̀gá àgbà, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ. Lọ́jọ́ kejì mo gbàdúrà fún un tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fún òun, fún ìyàwó rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀, bóyá ó tiẹ̀ bímọ. Kò ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan péré. Irú ẹni tí ẹ fi ṣe ọ̀gá nìyẹn?

Èyí kejì ni Kílófà. Ọmọ yìí ló fẹ́ pa mí. Ó ní o kọ́ wọn pé tí èèyàn bá ti sọ̀rọ̀, kí wọ́n bi í ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún pé kí ló fà á. Ó ní kí ló fà á tí mo fi ń jókòó síhà ọ̀tún nínú ìsọ̀. Mo ní torí oòrùn. Ó ní kí ló fà á tí oòrùn fi ń wọlé. Mo ní torí páànù tó ya. Ó ní kí ló fà á tí mi ò fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní torí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí ló fà á tí mo fi nílò ìmọ́lẹ̀. Mo ní torí pé mi ò kì í ṣe òkété. Ó ṣì ní ìbéèrè kan tó kù, mo rí i lẹ́nu rẹ̀, mo dìde, mo lọ wẹ̀. Mo tọ́ ọ dàgbà, ìwọ ọmọ yìí, tí o bá bi mí ní ìbéèrè kejì, mo máa ń ní kí o lọ bi ìyá rẹ. Ibo lo ti wá kọ́ márùn-ún?

Èyí obìnrin, Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, torí kì í sọ̀rọ̀. Òun ló ní àwọn ìwé pélébé tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, pupa, ofeefee, aláwọ̀ ewé. Ohunkóhun tó bá rí, á kọ ọ́ sí i, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ògiri pálọ̀ ti kún, ó ti dé ara kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Alámùúlégbè wa tó ń gẹrun wá bá mi kẹ́dùn. Ó jókòó, ó wo àwọn ìwé ẹnu ilẹ̀kùn, ó mi orí, ó ní ọjọ́ wo ni ìjọba fún wa láti kó jáde, pé ṣé wọ́n ti sọ ìgbà tí katakata máa dé láti wó o. Mo ní ọmọ mi ló ń fi ilé wa kọ́ èèyàn ní ẹ̀kọ́. Ó ní Ọlọ́run á fún wa ní ara tí a ó fi gbà á. Kí ó tó lọ, ó rọra mú àga rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe tó dùn mọ́ mi ni ti tábìlì. O rántí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, èyí tí mo kàn lọ́dún tí a bí ọ, tó jẹ́ orí rẹ̀ ni o ti kọ́ A B D. Kílófà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tì í síwá, ó tì í sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn tì í, Onífóònù tún bá a tì í. Kò mì. Wọ́n ní irú iṣẹ́ yìí kò sí mọ́. Mo ní kí wọ́n kọ ìyẹn sórí ìwé pélébé, wọ́n sì kọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni ìyọnu dé. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, àwọn ọmọ náà jókòó níta ní ìdí ògiri, mo gbọ́ tí Kílófà ń sọ pé kò sí ìṣòro kankan nínú ilé yìí, pé ilé tó pé tó báyìí kò sí níbì kankan. Inú mi dùn. Mo ní mo ti yege. Ó wá sọ pé ó ti parí nìyẹn, pé àwọn á padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ti kíláàsì olùkọ́ àwọn pa. Mo ti tún ilé ṣe nítorí rẹ, àṣé ojú ọ̀nà rẹ ni mo ń dí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin mo wá ìṣòro fún wọn. Mo ní àkùkọ ilé kejì máa ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ojú wọn kò gbà á gbọ́. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Kílófà ní kí ló fà á. Mo tún lọ wẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ló bà mí nínú jẹ́. Ó lọ bá ìyá rẹ fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Kò bi í ní ìbéèrè kankan o, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ wí. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo àtàǹpàkò yẹn, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Pẹ̀lẹ́ lásán! Ìyá rẹ bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, obìnrin tí mo kìlọ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó dáa. Mo ti kọ irọ́ kan sókè lẹ́tà yìí, bébà sì ti wọ́n, mi ò ní ya á. Ilẹ̀kùn kọ́ ló há àtàǹpàkò ìyá rẹ. Hámà mi ni. Láti bí oṣù méje, ọwọ́ mi kò gbé ìṣó dúró mọ́. Bí mo bá fi ìka mú un, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á sì bọ́. Ọmọṣẹ́ mi tó kẹ́yìn ti gba òmìnira, kò sí ẹlòmíì, ìyá rẹ ní òun á máa bá mi di ìṣó mú. A máa ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni hámà mi ti bà á. Ìgbà kejì yìí ni èékánná rẹ̀ ṣí. Kò pariwo, kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́, ó kàn fi aṣọ dí ẹnu. Tí o bá pe fóònù, tí o ní báwo ni, a ní dáadáa ni.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti mọ̀, mo bínú, mi ò jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ ti kó páálí jókòó sí ìsọ̀ mi, wọ́n ń gé e. Wọ́n ní nǹkan tí á di ìṣó mú ni àwọn fẹ́ ṣe, kí ìka ẹnikẹ́ni má sí nítòsí. Páálí! Níwájú káfíńtà! Àkọ́kọ́, mo fi hámà kan án, ó fọ́ pẹ́ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní kí ló dùn mọ́ yín nínú ohun tó bàjẹ́, wọ́n ní o kọ́ wọn pé ohun tó bàjẹ́ lónìí kò ní bàjẹ́ lọ́la. Èkejì tẹ̀, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kẹta fò lọ bá Onífóònù ní iwájú orí, òun gan-an pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó bá ba pákó jẹ́, ebi ló máa fi sùn. Ẹ̀yin ń fi àtẹ́wọ́ tọ́ ọmọ!

Ohun tó mú mi dìde ni pé nígbà tí wọ́n kúrò lórí páálí bọ́ sórí pákó, wọn kò mọ bí igi ṣe ń rìn. Wọ́n ń gé e lòdì. Mi ò lè máa wò ó. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Kílófà, mo mú pákó líle gígùn kan, mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ, kí ìṣó lè wọ ibẹ̀ dúró. Ó ṣì ń ṣubú. Jẹ́jẹ́ ní tí irin tó ń fa irin mọ́ra bá wà ní ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, rédíò mi ló wà níwájú mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú u, mo yọ irin dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, mo kàn án mọ́ ẹnu pákó náà. Mo fi ìgúnpá òsì tẹ ìdí pákó mọ́lẹ̀, gbogbo ara mi wà lórí rẹ̀, kò sì gbọ̀n. Ìṣó dúró ṣánṣán. Mo gbé hámà.

Ìṣó mọ́kànlá ni mo kàn láìsinmi. Méjì nínú rẹ̀ mo ṣì í, pákó ni hámà bà. Ìyá rẹ jókòó sọ́hùn-ún, ó káwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún.

Ibẹ̀ ni Kílófà ti bà á jẹ́. Ó sáré gbé ìwé wá, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, pé nǹkan yìí ṣiṣẹ́, torí ọ̀gá àgbà. Mo ní ta ló sọ fún yín pé mo ní ìṣòro? Èmi, tí gbogbo àga ilé ìjọsìn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi? Ta ló máa gbé pákó rẹ̀ wá fún káfíńtà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò lè di ìṣó mú? Mo ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Kílófà fẹ́ sọ̀rọ̀, Jẹ́jẹ́ fà á láṣọ. Ní àárọ̀ àná wọ́n ṣí gbogbo ìwé pélébé kúrò lára ògiri, wọ́n nu ibẹ̀ mọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Jẹ́jẹ́ ní àwọn á sọ fún ọ pé àwọn wá ìṣòro, àwọn kò rí, kí n má ṣe ìyọnu. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀, wọ́n lọ. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n á fìdí rẹmi, wọ́n mọ̀ pé wọn á ti kíláàsì rẹ pa, síbẹ̀ wọn kò fi mí hàn.

Ṣùgbọ́n ó fi ìwé kan sílẹ̀, ofeefee, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì. Mo rò pé á kọ ọ̀rọ̀ ìṣó síbẹ̀. Kò kọ ọ́. Ohun tó kọ ni pé: Bàbá kò fẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀.

Láti àná ni mo ti ń wò ó. Mo jókòó láti kọ̀wé bú ọ ni, wò ó bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí o kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì rí ohun tí èmi àti ìyá rẹ fi odidi oṣù méje bò mọ́lẹ̀. Tí ohun tí o ń kọ́ wọn bá nìyí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í pa.

Nítorí náà, mú lẹ́tà yìí fún ọ̀gá àgbà, kí ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí mo ti bá a wí náà kí ó kà á. Èmi káfíńtà ni mo kọ ọ́. Ìṣòro wà nílé mi, mo fi í pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n rí i. Nǹkan tí wọ́n bá mi ṣe ṣiṣẹ́. Tí kò bá gbà pé ìṣòro náà wà lóòótọ́, kí ó wo ìkọ̀wé mi.

Ó ku owó. Fi owó rédíò ránṣẹ́, torí èyí tó wà nílé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Fi owó òògùn àtàǹpàkò ìyá rẹ sí i. Kí o sì wá owó dókítà fún mi, kí ẹnì kan wo ọwọ́ yìí. Mi ò tọrọ irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ rí, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ báyìí. Tí èsì ìdánwò mi bá jáde, fi ránṣẹ́, má sì fún mi ní máàkì ọ̀fẹ́ torí pé èmi ni mo bí ọ.

Ọlọ́run á gbé iṣẹ́ rẹ ró. Àwọn tí o ń kọ́ á ní ojú tó ń ríran bíi ti Jẹ́jẹ́, o kò ní jìyà ọmọ tí o tọ́. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, tó bá sì gbọ̀n lọ́jọ́ ogbó, wàá rí ẹni bá ọ di ìṣó mú.

Ó ku irọ́ kejì. Tábìlì tí mo sọ pé kò dúró dáadáa, orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, orí èyí tí o ti kọ́ A B D. Tábìlì náà kò mì, ọmọ mi. Kò mì rí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ